Oúnjẹ Tí Mo Já Gbà Lẹ́nu Ọmọ Mi ní Itẹ́ Òkú

"Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣọ́ra o! Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn arúgbó òyìnbó tó ni ilé ìjọsìn wa yóò tún ṣe àsè wọn ní itẹ́ òkú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín débẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan jẹ nínú oúnjẹ náà, díẹ̀ ló kù kó kú."

Orí WhatsApp àwọn òbí ìjọ wa ni mo ti ka ìkìlọ̀ yìí, nígbà tí mo jókòó sínú mọ́tò níwájú school ọmọbìnrin mi, tí mo ń dúró dè é. Àwọn òbí ti ń kọ "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ni ọmọ náà, kò sì sí ohun tó ṣe é.

Ilé ìjọsìn tí à ń lò ní Loganville, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà níbí, kì í ṣe tiwa. Àwọn àgbẹ̀ olówùú ló kọ́ ọ, àwọn baba ńlá àwọn arúgbó tó ń jọ́sìn níbẹ̀ títí dòní. Pákó ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n kùn ún ní funfun, okùn ni wọ́n sì ṣì fi ń fa agogo rẹ̀. Ìsìn tiwọn máa ń parí kí tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn la ti máa ń pàdé: àwọn ń fi ọ̀pá rọra sọ̀kalẹ̀, àwa ń gbé keyboard wọlé. Wọn ò pọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ wọn ti kó lọ sí Marietta àti ibòmíràn. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú oṣù May ni gbogbo ẹbí máa ń wá. Wọ́n á ro ìdí ibojì àwọn èèyàn wọn nínú itẹ́ òkú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fọ òkúta orí rẹ̀, wọ́n á tẹ́ aṣọ sórí àwọn tábìlì gígùn tó wà lábẹ́ igi láàárín ibojì, wọ́n á sì jọ jẹun.

Màmá àgbà tó ń fa agogo ló bẹ̀ wá lọ́dún tó kọjá pé kí àwọn ọmọ wa wá dara pọ̀ mọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ fi ibojì kọ̀ọ̀kan han àwọn ọmọ, kí wọ́n sọ ìtàn ẹni tó wà nínú rẹ̀.

"Tí àwa bá lọ tán," màmá ní, "ta ni yóò mọ ẹni tó wà níbí?"

Ọkọ mi mú ọmọ wa lọ. Èmi wà lẹ́nu shift ní warehouse kan ní Suwanee. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, mo bá ọmọ mi lórí bẹ́ǹṣì láàárín ibojì méjì, ó ń jẹ itan adìẹ. Mo já abọ́ ọwọ́ rẹ̀ gbà, mo da oúnjẹ sínú koríko, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀wù iṣẹ́ mi nu ẹnu rẹ̀.

"Tu ú dànù! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Tu ú!"

"Mummy, it's just chicken!"

"Mo ní kí o tu ú!"

Màmá àgbà sáré wá, ọ̀pá wọn ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Ṣé ẹ̀pà ni? Ṣé ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà? Olúwa mi, ẹ pe ambulance!"

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé àwọn òkú wọn ni mo ń sá fún? Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ̀pà ni. Ó ti tu ú. Ẹ má pe ambulance."

Màmá sunkún. Suwítì ẹ̀pà kan wà tí ìyá wọn kọ́ wọn láti sè, tí wọ́n máa ń gbé wá sí àsè náà látìgbà èwe wọn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó dà nù lójú mi. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí wọn kì í bi mí pé, "Ọmọ wa ńkọ́?" Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn kíṣìnì pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀pà wọlé. Ọmọ tó ń fi ẹ̀pà mu gààrì nílé! Mo ní láti kìlọ̀ fún un pé kó má fẹnu kan ẹ̀pà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi tí mo ń ṣọ́ ọ kí ayé má bàa kọ́ ọ ní irọ́, èmi ni mo kọ́ ọ.

Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ìyá mi lórí fóònù, mo rò pé wọ́n á yìn mí. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

"Ìwọ yìí? Ìwọ tó jẹ́ pé orí sàréè bàbá mi lo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Níbo lo ti ń jẹ ẹ̀bà tí inú ilé bá ti gbóná?"

"Màámi, ẹbí tiwa nìyẹn."

"Àwọn tibẹ̀ yẹn kì í ṣe ẹbí ẹnì kankan? Àbí òkú òyìnbó ló din adìẹ?"

Iwájú ilé wa gan-an ni sàréè náà wà, wọ́n fi táìlì bò ó, ó máa ń tutù, àwa ọmọdé a máa jà nítorí ààyè lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká tu oúnjẹ dànù.

Síbẹ̀, nígbà tí àwọn òbí kan nínú ìjọ bi mí ìdí tí mo fi pariwo lọ́jọ́ náà, mo ní oúnjẹ ibẹ̀ kò bá ọmọ mi lára mu. Ọ̀rọ̀ yẹn ló rìn títí tó fi di ìkìlọ̀ tí ẹ kà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dúró de màmá nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo sì sọ òtítọ́ fún wọn. Wọ́n wo ọ̀nà itẹ́ òkú.

"Àwọn èèyàn mi ló bà ọ́ lẹ́rù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ìyá mi wà níbẹ̀," màmá ní. "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni."

Ìbá sàn kí wọ́n bú mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ wa máa wá lọ́dún yìí. Mo ní màá kọ́kọ́ bá ẹ̀yin òbí sọ̀rọ̀ ná, nítorí mo ti rí ohun tí ẹ kọ lórí WhatsApp.

Ẹ̀yin òbí ìjọ wa, ọmọ kankan kò ṣàìsàn níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìkìlọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ní Sátidé yìí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín wá, kí wọ́n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí wọ́n mú ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa fi tu koríko dání. Bí oúnjẹ kan bá wà tí ara ọmọ yín kì í gbà ní tòótọ́, ẹ sọ ọ́ fún màmá kí wọ́n tó bu oúnjẹ.