Nígbà Tí Wọ́n Fi Mí Pààrọ̀ Ajùkò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, wọ́n fi mí pààrọ̀ rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, kì í ṣe àsọdùn. Bí ẹ ti ń gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ẹgbẹ́ kan kó èèyàn méjì fún ẹgbẹ́ kejì kí wọ́n lè gba ẹyọ ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni agboolé wa ṣe èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju pé àwọn ti ìsinsìnyí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Èmi, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mo sì gbé ẹní mi lórí.

Ohun tó rán mi létí ni ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ọmọ mi ní Richton Park, ní Amẹ́ríkà níbí, níbi tí mò ń gbé báyìí. Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Joliet. Bó bá ti ti ṣíìfù dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí yóò ti tan bésíbọ́ọ̀lù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí síbí, ti kó àrùn ọ̀hún lára rẹ̀. Fìlà ẹgbẹ́ wọn kì í kúrò lórí rẹ̀. Bó bá fẹ́ kírun, orí fìlà náà ló ń wé híjáábù lé.

Ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn yìí, kí n má dárúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n pàdánù ni. Wọ́n ní wọ́n ń tún un kọ́ ni. Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń tún un kọ́. Ká ní ilé ni, à bá ti kan páànù lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà, kò le rárá: ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, ẹnì kejì á fi igi gbá a. Ẹni tó ń jù ú láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni gbogbo ilé gbójú lé, ẹgbẹ́ tiwọn kò sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn asọ̀rọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n fi ń pariwo pé kí wọ́n kó méjì nínú àwọn tó mọ igi í lò, kí wọ́n fi gba ajùbọ́ọ̀lù kan.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ọmọ mi wí. "Ẹgbẹ́ tí kò ní ajùbọ́ọ̀lù, mọ́tò tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni."

"Daddy, no! Ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni wọ́n fẹ́ trade yẹn!" Omi ti lé ròrò sójú ọmọ náà. "Grandpa, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ o."

"Fi bàbá sílẹ̀ jẹ́ẹ́," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Wọn ò mọ nǹkan kan nípa bésíbọ́ọ̀lù."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún mi lára. Mo ní kí wọ́n dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, mo sì sọ fún wọn ohun tí mò ń sọ fún yín yìí.

Abúlé wa wà lọ́nà Ìṣẹ́yìn. Agboolé wa wà ní apá kan odò, agboolé kejì wà lódìkejì. Odò náà kò fẹ̀. Bí ìyá mi bá ń gún iyán lọ́dọ̀ wa, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á mọ̀ bóyá iyán náà lẹ́mọ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí wọ́n sun igbó, àwọn ọ̀yà á sá wọ inú ṣúúrú, igbó kékeré dídí tí iná kò dé. Ẹ mọ ọ̀yà, ẹran bí eku ńlá, tó sanra, tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń parí ìjà láàárín ọkọ àti aya. Ajùkò á dúró lẹ́yìn ṣúúrú, á máa sọ òkò wọ inú rẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ti ba ọ̀yà, á yọ síta níwájú, níbi tí àwa oníkùmọ̀ ti ń dúró dè é. A ó lù ú, aàfáà á sáré dé pẹ̀lú ọ̀bẹ, á ṣe Bísímílà, ó di ẹran ìkòkò.

Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí o. Mùsùlùmí ni gbogbo wa, a kì í jẹ òkú ẹran. Bí o bá lu ọ̀yà pa kí ọ̀bẹ tó dé, ajá lo pa á fún. Bí o kò bá sì lù ú kó ká a lára, ó ti lọ. Ó gbọ́dọ̀ dákú, kò gbọdọ̀ kú. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n lù bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi kùmọ̀ kàn án létí bí ẹni ń jí àlejò lójú oorun. Ọ̀yà tí mo bá lù á dùbúlẹ̀, á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà lọ́jà.

Ṣùgbọ́n lílù tèmi kì í dún, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí kò dún. Ẹni tí gbogbo agboolé ń kan sáárá sí ni ẹ̀gbọ́n wa kan, òmìrán ọkùnrin. Bó bá gbé kùmọ̀ sókè, àwọn ẹyẹ á kó ẹyin wọn kúrò nínú ìtẹ́. Bí kùmọ̀ náà bá balẹ̀, ilẹ̀ á mì tìtì, àwọn obìnrin á sì máa ki í láti ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́gi. Kódà bí kò bá lu nǹkan kan, tó jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán ló gé, àtẹ́wọ́ ló ń gbà.

Ajùkò gan-an ni a kò ní. Ẹni tó ń sọ òkò fún wa, lọ́jọ́ kan ó sọ ọ́ síwájú, ó ba ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ààwẹ̀ ti ń kanlẹ̀kùn. Ẹran tí a bá yan gbẹ lẹ́ẹ̀rùn la fi ń se ọbẹ̀ sààrì. Bí kò bá sí, odidi oṣù la ó fi máa ti òkèlè bọ ọbẹ̀ tí ojú rẹ̀ mọ́ bíi dígí. Bẹ́ẹ̀ ajùkò kan wà lódìkejì odò, ọlọ́wọ́ òsì. Ọkùnrin yìí lè sọ òkò kó pẹ́ ìrókò sílẹ̀, kó yà kí ẹni tó ni oko, kó tó lọ bá ọ̀yà nínú ṣúúrú.

Nígbà náà, a ní àáró: mo bá ọ roko lónìí, o bá mi ro tèmi lọ́la. Baálé agboolé wa rò ó pé bí a ti ń ṣe àáró oko, kí ló dé tí a ò lè ṣe àáró ọdẹ? Ó kọjá odò, wọ́n sì fẹnu kò: oníkùmọ̀ méjì fún ajùkò kan, títí oṣù ààwẹ̀ yóò fi lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣàìsàn, ilé rẹ̀ ni yóò wá ẹni rọ́pò rẹ̀. Bí òfin àáró ti rí nìyẹn. Ó wá ku ẹni tí a ó kó fún wọn. Ta lẹ rò pé wọ́n mú? Àwa tí lílù wa kì í dún ni.

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin baálé, ọmọ lẹ fẹ́ fi gba òkò?"

"Òkò kọ́, ìyàwó. Ajùkò ni."

"Ó dáa. Ojú yín ni yóò rí i."

Báyìí ni mo ṣe di ará òdìkejì odò. Wọ́n fi mí sínú yàrá ìyá àgbà ajùkò náà, ìyá arúgbó kan tó ti fi ìgbà èwe rẹ̀ sọ òkò lé ẹyẹ lóko ìrẹsì. Ìyá náà mọ ẹ̀wà á sè. Mo ń jẹ, mo ń sunkún. Bí ẹkún ti ń pọ̀ sí i ni ẹ̀wà ń dín kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sunkún ní tirẹ̀, ó ti rí ọmọbìnrin kan tó ń pọnmi. Ṣùgbọ́n èmi, bí mo bá ti gbọ́ odó ìyá mi láti òdìkejì, ọkàn mi á gún un pọ̀ mọ́ iyán.

Ibi tó burú dé ni pé ìròyìn kàn mí pé baálé wa ń yọ̀. Àwọn ọ̀yà ń jáde bí èrò ọjà. Ó ní bó bá ń lọ báyìí, òun yóò bẹ àwọn ará òdìkejì kí pàṣípààrọ̀ náà di títí láé. Títí láé kẹ̀! Aṣọ Ìtùnú ààwẹ̀ mi wà nínú àpótí ìyá mi. Ṣé aṣọ oko ni n ó fi ṣọdún nílé onílé?

Ṣùgbọ́n baálé wa ń ka èyí tó jáde, kò ka èyí tó wọ ìkòkò. Gbogbo ọ̀yà tí ajùkò lé síta, ẹ̀gbọ́n wa ló ń bá a pàdé: gbàgà! Kí aàfáà tó dé, ẹran ti dé ọ̀run. Aàfáà á wò ó, á mi orí, á ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀. Ajá agboolé wa sanra dé ibi pé bí olè bá dé, kò lè dìde mọ́, orí ló fi ń júwe yàrá tí ẹrù wà. Kàkà kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n wa léèrè, ajùkò ni wọ́n ní kó túbọ̀ máa jùkò. Ó ń jù ú lówùúrọ̀, ó ń jù ú lọ́sàn-án, títí apá òsì rẹ̀ fi wú bí iṣu ilẹ̀ tuntun, tí kò lè gbé búùtà àlùwàlá mọ́.

Lódìkejì tí èmi wà ńkọ́? Oníkùmọ̀ pọ̀, kò sí ajùkò. Àwọn ọ̀yà jókòó sínú ṣúúrú, à ń gbọ́ bí wọ́n ti ń rún koríko lẹ́nu. Mo dúró títí kùmọ̀ ọwọ́ mi fi hu ewé.

Òfin àáró ni òfin àáró. Baálé wa ránṣẹ́ pé kí ilé ajùkò wá ẹni rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wò yíká, kò sẹ́ni tó mọ òkò í sọ. Ni ìyá arúgbó bá dìde, ó fi ìborùn di òkúta mọ́ ìdí, ó ní, "Èmi ni mo kọ́ ọ. N ó lọ." Bó ṣe kọjá odò nìyẹn. Mo tẹ̀ lé e dé etí omi, mo sì dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n.

Ìyá náà dé ẹ̀yìn ṣúúrú, kò sọ òkò. Ó ní, "Ta ni yóò lù ú?"

Ẹ̀gbọ́n wa gbé kùmọ̀ rẹ̀ lé èjìká, ó yan síwájú.

"Ìwọ? Ìwọ kì í lu ẹran, ilẹ̀ lò ń bá jà. Ọmọ tí ẹ gbé wá sọ́dọ̀ mi ńkọ́?"

Baálé wa ní, "Ìyá, a ti fi ṣe pàṣípààrọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ gbà á padà. Ó ti jẹ gbogbo ẹ̀wà ilé mi, irúgbìn ló kù. Bí kò bá dúró níwájú ṣúúrú yìí lónìí, òkúta mi kò ní kúrò nídìí mi."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Baálé wa wo aàfáà, aàfáà wo ajá, ajá náà gbójú sílẹ̀. Ni baálé bá juwọ́ sí mi. Mo sáré la odò kọjá débi pé omi kò ráyè rin mí lẹ́sẹ̀. Ìyá náà sọ òkò kan, ọ̀yà yọ, mo jí i bí àlejò, ó dùbúlẹ̀. "Bísímílà!" ni aàfáà ké, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pin. Ká tó kírun ìrọ̀lẹ́, ẹran ti gba gbogbo àjà. Wọ́n bu tiwọn fún àwọn ará òdìkejì, wọ́n sì fi ẹ̀gbọ́n wa rọ́pò mi lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n gbà á tayọ̀tayọ̀, nítorí igi ìdáná tí kò sẹ́ni tó lè là. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò padà rárá. Ó fẹ́ ọmọ apọnmi. Ìyá mi ńkọ́? Ó kàn yọ aṣọ ọdún mi jáde nínú àpótí, ó gbé e síbi tí baálé yóò ti rí i.

"Dádì," ni ọmọ mi wí nígbà tí mo parí rẹ̀, "ọdẹ nìyẹn, kì í ṣe bésíbọ́ọ̀lù."

"Grandpa, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí kùmọ̀ náà má hu ewé mọ́. Mo wá dá ẹjọ́ wọn: ẹgbẹ́ tí kò ní ajùkò, ó yẹ kó wá a, ṣùgbọ́n kí ó tó kó oníkùmọ̀ sílẹ̀, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tí kì í dún ló ń bọ́ ilé. Ọmọ náà bẹ́ mọ́ mi lọ́rùn, nítorí ẹni tó fẹ́ràn yẹn kì í gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri. Ó kàn ń gbá a jẹ́jẹ́, á sì rọra sáré.

Àwọn tó ni ẹgbẹ́ kò gbọ́ ẹjọ́ mi. Wọ́n kó o lọ, òun àti ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n sì gba ajùbọ́ọ̀lù wọn. Ọmọ náà sunkún, ó wá bi bàbá rẹ̀ pé, "Ta ló máa máa se ẹ̀wà fún un níbẹ̀?"

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tí wọ́n bá fi pààrọ̀ lóde òní, kò sí odò tóóró kan tí yóò ti gbọ́ odó ìyá rẹ̀. Èmi náà ńkọ́? Láti Ìṣẹ́yìn dé Richton Park, ta ló mọ ẹni tí wọ́n gbà dípò mi? Mo ṣáà mọ̀ pé omi tó wà láàárín báyìí kì í ṣe èyí tí àgbàlagbà ń sáré là.

Lánàá, ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò tan tẹlifíṣọ̀n. Ó jókòó tì mí, ó na fóònù sí mi: ajùbọ́ọ̀lù tuntun náà rèé, wọ́n ti fi báńdéèjì wé apá rẹ̀ láti èjìká dé ìgúnpá.

"Dádì," ó ní, "kí la ó ṣe báyìí?"

Mo wo àwòrán náà dáadáa. Mo ní, "Ẹ bi wọ́n léèrè, ṣé ìyá àgbà rẹ̀ ṣì wà láyé?"