Ọjọ́ tí Mo Sọ Ìtàn Mọ́ọ̀lù Wa ní Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí ní Sátidé tó kọjá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ọ́ tí mo tún ń pa á rẹ́. Ojú ń tì mí gan-an ni. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ ọ́ síta, mi ò rò pé mo lè sùn dáadáa.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí níbí ní Ìṣẹ́yìn, ìtàn ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ tún mọ̀ pé mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ. Ọkọ mi a máa ní tí wọ́n bá gbé máìkì fún mi níbi ìsìnkú, àfàìmọ̀ kí òkú má dìde jókòó láti gbọ́ mi!

Nígbà tí mánéjà tuntun tó wà ní mọ́ọ̀lù wa wá bá mi pé àwọn ti tún ibẹ̀ ṣe, pé àwọn fẹ́ ṣí i padà, kí n wá sọ ìtàn ibẹ̀ fún àwọn àlejò, inú mi dùn kọjá ààlà. Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe ìyá mi ní Ìlerò. Mo ní Màámi, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn ńlá o! Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wúre fún mi títí. Wọ́n wá ní orúnkún ò ní jẹ́ káwọn lè wá, pé òjò sì ti ba ọ̀nà jẹ́. Mo ní kò burú, màá ní kí ẹnì kan fi fóònù ká ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, kí àwọn náà lè gbọ́ ọ.

Mo wá ìtàn náà dáadáa, mi ò purọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé kí mọ́ọ̀lù yẹn tó débẹ̀, ibi tí àwọn ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ láti Ṣakí ti ń sinmi ni? Igi òrí ńlá kan wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn awakọ̀ ti ń tẹ́ ẹní sùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, àwọn kan ní báǹkì ni. Ilé ràgàjì tí kò ní fèrèsé! Ta ló ti rí ọjà tí wọ́n kó sínú ilé, tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí oòrùn ò ráyè wọ̀ ọ́?

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, àfi bíi pé gbogbo Òkè-Ògùn ló wà níbẹ̀. Inú ibẹ̀ tutù bí àárọ̀ ọyẹ́. Tí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, a ó ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn gíláàsì, a ó rìn yípo, a ó sì padà sílé lọ jẹun. Ta ló ra nǹkan? Ẹ má bi mí!

Nígbà tó yá, dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, wọ́n pa éésì tó ń mú inú ilé tutù. Súpámákẹ́ẹ̀tì tó gba bí ìdajì ilé náà kó ẹrù rẹ̀ lọ. Àwọn ìsọ̀ ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan, àdán sì gba òkè. Àwọn èèyàn tiwa ló gba ibẹ̀ là. Àwọn tó ń ta aṣọ òfì ló kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó ń tún fóònù ṣe tẹ̀ lé wọn, àwọn obìnrin Ìgànná wá to àpò gàrí síbi tí wọ́n ti ń ta bísíkíìtì òyìnbó tẹ́lẹ̀. Ìtàn tó dùn nìyẹn, àbí? Ì bá ti tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹ ẹ̀ rí i, nígbà tí mọ́ọ̀lù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn èèyàn máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Kí ni wọn ò ní bọ́ ọ sí? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọ pálọ̀ ẹni tá a bá bọ̀wọ̀ fún, bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ṣe ń wọ mọ́ṣáláṣí. Táìlì ibẹ̀ ń dán débi pé èèyàn ń rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Bàtà á kún ìta lọ súà, síkiọ́rítì á máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wọ̀ ọ́ wọlé. Èmi gan-an bọ́ tèmi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn o.

Sátidé wá dé. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Wọ́n to àga sí àárín gbùngbùn mọ́ọ̀lù, ibẹ̀ kún. Mo gbé fóònù mi fún tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, pé kó bá mi ká ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Mo wọ bàtà gogoro tuntun tó ń dún kò-kò-kò lórí táìlì. Mo sọ̀rọ̀ igi òrí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ̀rọ̀ àdán, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ bàtà.

Ṣé mo sọ pé èmi náà bọ́ bàtà? Rárá! Mo ní àwọn ará oko ni. Mo tiẹ̀ dárúkọ Ìlerò. Mo tẹ ẹ̀yìn ba, mo ṣe bí ìyá àgbà kan tó bọ́ bàtà rẹ̀, tó gbá a mọ́ra, tó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn lórí táìlì bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Mo yí ohùn padà, mo ní: "Yé è! Ilẹ̀ rèé tàbí omi? Ẹ dì mí mú o, kí n má bàa rì!" Àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Mánéjà ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ohùn ta ni mo yá lò? Ohùn ìyá mi ni. Ohùn ìyá àgbà tí mo mọ̀ nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni mo rí obìnrin kan lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Gèlè aláwọ̀ ọsàn tí mo rà fún Kérésì ló wé. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró. Kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá mi ni!

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rò pé mo ṣe? Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni! Mo sọ ọ́ parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò mi. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu mi.

Nígbà tí àwọn èèyàn dìde, mò ń gba àárín wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá mi. Ìyàwó mánéjà ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo ojú wọn dáadáa, ó ní ẹ jọ tíṣà tó sọ̀rọ̀ yìí o Mà, ṣé ẹ̀yin lẹ bí wọn ni? Ìyá mi wò mí. Mo ti sún mọ́ wọn débi tí mo lè fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n wá yíjú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n ní, "Rárá o, ọmọ mi. Òjò ló lé mi wọlé."

Ẹ gbọ́, ó yẹ kí n pariwo níbẹ̀ pé ìyá mi nìyí! Ṣùgbọ́n ẹnì kan lẹ́yìn mi ṣì ń sín ìrìn mi jẹ, ẹ̀rín ṣì ń sọ. Mo dúró bí ère, ìyá mi sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ mi wá gbéra, mo bá wọn níta. Bàtà rọ́bà ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹrẹ̀ pupa ọ̀nà Ìlerò ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Dìde, Àbẹ̀kẹ́. Aṣọ ẹ á bàjẹ́."

Mo ń sunkún, mo ní Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ bọ́ bàtà? Ẹnikẹ́ni ò bọ́ bàtà níbí mọ́.

Wọ́n ní ó wu àwọn kí àwọn fojú ara àwọn rí mi, ni àwọn fi gun ọ̀kadà wá, pé ọ̀kadà náà rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà, àwọn sì sọ̀ kalẹ̀ bá ọlọ́kadà tì í. "Mo wo ilẹ̀ yẹn bó ṣe ń dán. Mo ní kí wọ́n má lọ sọ pé ìyá ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ló wá fi ẹrẹ̀ ba ilé àwọn jẹ́."

Wọ́n wọ bàtà wọn. Wọ́n fi etí ìró nu ojú mi, wọ́n ní mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gun ọ̀kadà, wọ́n lọ.

Mo padà wọlé lọ bá mánéjà. Mo ní ìyá mi ni ìyá tí ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí lẹ́ẹ̀kan, ará Ìlerò ni mí, èmi náà bọ́ bàtà níbí rí. Ó rò pé àwàdà mi ṣì ń bá a lọ ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé, mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gígùn sú yín: ẹni tí a fi ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín lè jókòó sáàárín wọn. Kódà tí kò bá sí níbẹ̀, ilé rẹ̀ la ṣì ti wá. Mò ń lọ sí Ìlerò lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ láti lọ tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ará ilé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é, ẹ bá mi dá sí i. Ìyá mi pè mí lánàá. Wọn ò mẹ́nu ba bàtà rárá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí mo ní ẹnì kan máa ká sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò mi, àwọn fẹ́ kí àwọn ará àdúgbò gbọ́ bí ọmọ àwọn ṣe ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ibi tó o ti sín mi jẹ yẹn, má yọ ọ́ o. Ohùn mi lo fi sọ ọ́."

Ṣé kí n fi ránṣẹ́? Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, tẹ́ ẹ ti fi ẹni tó bí yín pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe tún un ṣe? Mò ń retí èsì yín nísàlẹ̀.