Ẹsẹ̀ Òsì Ìyá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, inú iyanrìn ni wọ́n ti ń kọ́ ijó nílé wa ní Sabon Gari, ní Kano. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin tí ẹ ń wo ijó lórí fóònù. Ìyá mi ń ta pròfísọ̀nù lọ́jà láti àárọ̀, ṣùgbọ́n tí aago mẹ́rin bá ti lù, ilé ló ń bọ̀. Á wọ́n omi sí iyanrìn àgbàlá, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á sì jó kọjá lórí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ilé ìdáná. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eré ìjọ wa á wá máa ki ẹsẹ̀ tiwọn bọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ijó náà á fi mọ́ wọn lára. Kano ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn sí. Tó o bá fi Yorùbá ṣàlàyé, Hausa ni wọ́n á fi dáhùn. Ìyá mi ní ẹsẹ̀ ò nílò ògbufọ̀.

Bàbá mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé eré ni ìyá mi fẹ́, òun kàn ń bá a gbélé ni. Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni o.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọyẹ́ tètè dé. Eruku bo France Road débi pé a kì í rí òpin títì. Eré Ìkórè la ń múra ẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀lé ìyá mi nínú iyanrìn, torí èmi lọmọ ilé. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé ojú ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ní ìrù: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi pé wọ́n fi igi wọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ìlà náà gùn sí i. Mo bi í. Ó ní, "Àrà tuntun ni." Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́, inú wọn dùn, gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀.

Ọkùnrin tó ń gbé omi wá fún wa, mai ruwa, ti da màlúù rí kó tó wọ ìgboro. Ó sọ kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó tẹjú mọ́ iyanrìn, ó ní, "Wa ke ciwon ƙafa a nan?" Ta lẹsẹ̀ ń dùn níbí? Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Mo ní kò sí.

Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, mo ti ilé ìwé dé, ìyá mi nìkan ni mo bá lágbàálá. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo wolẹ̀. Láàárín ojú ẹsẹ̀, mo rí ojú ọwọ́, ìka márààrún pé. Ó ti fi ọwọ́ tilẹ̀ kó má baà ṣubú. Ó rí i pé mo ti rí i. "Pa á rẹ́ kí bàbá ẹ tó dé," ló wí. "Tó bá mọ̀, ó máa gba eré lọ́wọ́ mi. Má sọ o, jọ̀ọ́, màmá mi." Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn tó bá fẹ́ kí n gbọ́ tiẹ̀. Mo mú ọwọ̀, mo gbá a nù. Háà! Ọwọ́ mi yìí náà ni.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Ìyá mi ló ṣíwájú, gbogbo ẹgbẹ́ tẹ̀ lé e, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì lórí sìmẹ́ǹtì, ṣàà, ṣàà, ṣàà. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe. Bàbá mi gan-an pàtẹ́wọ́. Ta ló máa mọ̀ pé ẹnì kan wà láàárín wọn tí ò lè gbé tiẹ̀ mọ́? Bákan náà ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn rí.

Ìyá mi tún un ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ dìde, apá òsì ò dá a lóhùn. Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà bi bàbá mi bóyá wọ́n ti rí àmì kankan tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ní àwọn ò rí nǹkan kan. Èmi tí mo gbá ojú ọwọ́ nù dúró tì wọ́n. Kò pé oṣù kan tá a fi sin ín.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Sìmẹ́ǹtì ti bo àgbàlá yẹn. Ẹ̀rọ ló ń sọ fún èèyàn báyìí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, ó sì dáa bẹ́ẹ̀; ẹ máa lọ yẹ ara yín wò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ eré ṣì wà, wọ́n ṣì ń jó ijó yẹn ní gbogbo Ìkórè. Ijó Màmá ni wọ́n ń pè é, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé àìsàn ni wọ́n ń jó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin ti ibi ìdánrawò dé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì kọjá níwájú mi ní pálọ̀. "Kaka, na iya?" Ó ń bi èmi ìyá àgbà rẹ̀ bóyá òun ti mọ̀ ọ́n jó. Mo fẹ́ sọ pé ó káre. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti ké síta nígbà yẹn ló bọ́ lẹ́nu mi: "Gbé ẹsẹ̀ ẹ! Gbé e sókè!"

Ó wò mí, ẹ̀rù bà á díẹ̀. Ó gbé e. Ìgbà yẹn ni mo tó mí.