Báàgì Tí Bàbá Mi Gbé Bọ̀ Láti Ojú Ogun

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká (ẹ rẹ́rìn-ín o, ẹnu tèmi náà ti kún fún eyín rí!), ni bàbá mi bọ̀ láti ojú ogun. Rélùwéè Ọ̀fà níbí ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, ibà ń ṣe wọ́n, wọn ò sì gbọ́ ohun tí à ń sọ mọ́. Bọ́ǹbù tó bú gbàmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló di wọ́n létí pa.

Ní agbo ilé wa, ohun tó bá ti ojú ogun bọ̀ kì í wọlé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wẹ ọmọ wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì gbé báàgì rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n dáná sun ún tòun ti aṣọ sójà. Wọn ò tú u wò. Nígbà tí ibà lọ tí bàbá mi béèrè báàgì, ìyá àgbà mi orí bí ẹni tí kò mọ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa di ìjà. Bàbá mi gbà pé olè ló gbé e nínú rélùwéè.

Àṣé káàdì ọsibítù àwọn ológun wà nínú rẹ̀!

Ìjọba wá ní kí sójà tó bá fara pa lójú ogun wá gba owó ìtọ́jú. Ìrètí wa nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó ń gba adití síṣẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sí Ìlọrin, torí mo mọ bí a ṣe ń fọwọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ìjọba kan wò wá tìkà-tẹ̀gbin.

"Bàbá, ta ló mọ̀ bóyá ilé lẹ ti di adití? Ẹ mú ìwé dókítà ológun wá."

Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n rò pé akọ̀wé náà ń kí àwọn ni. Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyá àgbà, wọ́n káwọ́ lérí. "Yéè! Mo dáràn! Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe ọmọ mi!"

Láti ìgbà náà, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, wọ́n á jókòó ti bàbá mi, wọ́n á di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi ni mo sun ún, ọmọ mi. Forí jì mí."

Bàbá mi á ní, "Àmín, Ìyá."

Àdúrà ni wọ́n rò pé ìyá àwọn ń ṣe. Ìyá àgbà á wá yíjú sí mi, pé kí n fọwọ́ sọ ọ́. Ọwọ́ mi ò gbé e. N kò sọ ọ́ títí àwọn méjèèjì fi kú.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀ ń fi fóònù ya ìwé yín pa mọ́ lónìí, fóònù náà á sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sílẹ̀ fún adití kà. Mo bá yín yọ̀. Àmọ́ ká ní ó wà nígbà náà, ta nínú wa ni ì bá gbé e síwájú bàbá mi?