Ẹ̀rín Dáhùnsí àti Bẹ́ẹ̀dì Àyálò

Dáhùnsí, awakọ̀ tírélà, kú lọ́jọ́ Àìkú sórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀ ní Ìjọra, lórí ìlà àwọn ọkọ̀ tó ń dúró wọ èbúté Àpápá. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìjọba tún géètì ilé ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún kùn, ní Olódì-Àpápá. Ọ̀dà náà dára gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí òun náà ì bá rẹ́rìn-ín. Nígbà kan tí tírélà méjì ha ara wọn lára, tí àwọn awakọ̀ wọn ń wá ìgò tí wọ́n máa fi jà, Dáhùnsí dìde sáàárín wọn bíi pásítọ̀. "Ìwọ tírélà pupa, ṣé o gba tírélà aláwọ̀ ewé yìí, bí táyà bá le, bó bá jò?" Gbogbo ìlà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan nínú àwọn oníjà ló tún ń sunkún bí ìyá ìyàwó.

Lórí ìlà yẹn, ẹni tó bá sùn ti pàdánù àyè rẹ̀. Áìsì, oògùn olóró tó ń lé oorun, ni wọ́n fi ń ṣọ́ àyè. Bó ṣe di bárakú fún un nìyẹn. Nígbà tó yá, Preye ọ̀rẹ́ rẹ̀ rán an létí ìgbéyàwó tírélà. Kò rẹ́rìn-ín.

"Brọ̀dá, àbí ẹ ti di díákónì ni?"

"Mo mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín, Preye. Kò kàn dé ọ̀dọ̀ mi ni."

Nọ́ọ̀sì Josephine Níyìọlá ní Ajégúnlẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ, dópámìnì, tó ń jíṣẹ́ pé nǹkan yìí dùn, tún un ṣe. Àwọn olùgbà wà níbẹ̀ tó ń tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ náà. Áìsì a máa da dópámìnì sílẹ̀ bí àgbàrá, ọpọlọ a sì dín àwọn olùgbà kù láti gba ara rẹ̀ là. Láti ìgbà náà, oúnjẹ aládùn, ẹ̀rín ọmọ, àwàdà ọ̀rẹ́, ọwọ́ tí yóò gbà á kò pọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn olùgbà náà lè padà, béèyàn bá jìnnà sí oògùn náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó sì rí ìtọ́jú.

Ìtọ́jú yẹn ni Dáhùnsí wá lọ sí Olódì-Àpápá. Wọ́n ní kò sí bẹ́ẹ̀dì. Báwo? Ṣebí a rí bẹ́ẹ̀dì lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ ìṣílé, tí wọ́n gé kéèkì? Àṣé àyálò ni. Olówó rẹ̀ ti wá kó o kí kéèkì tó tán. Ọ̀gá ibẹ̀ wá fún un nímọ̀ràn ọ̀fẹ́: "Bàbá, ojú ló yẹ kó tì yín." Ṣé ìtìjú ló ń dá olùgbà padà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mo mọ àwọn tó yẹ ká kọ́kọ́ fi tọ́jú.

Kí ẹni tó lọ yá bẹ́ẹ̀dì jáde síta. Kí ẹni tó fọwọ́ sí i tẹ̀ lé e.

Preye náà fẹ́ jáwọ́ nínú áìsì. Lánàá ni wọ́n pè é pé bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ ti dé. Ó ti dúró sídìí géètì láti àárọ̀ yìí, ọ̀dà ti yí i láṣọ. Mo pe ilé ìtọ́jú náà, mo ní ṣé lóòótọ́ ni bẹ́ẹ̀dì wà nínú ilé.

"Ẹ mú sùúrù, sà, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Mo ṣì gbé fóònù sétí.