Òjìji Ọ̀pá Sàídì

Bí gbogbo aago ìlú bá jọ ń falẹ̀ pọ̀, ta ni yóò mọ̀? Láti ọdún 1958 ni ìbéèrè yìí ti wà lọ́kàn mi. N kò tíì rí ìdáhùn sí i, pàápàá bí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọláníyan ló dá a sílẹ̀. Òun ló ń tún aago ṣe lọ́nà téṣàn rélùweè, ní Ẹdẹ, ọkùnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìkáwọ́ rẹ̀ ni aago ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ìyẹn sì ni ògo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbójú sókè wò ó bí ẹni ń wo àkọ́bí rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, Comfort ìyàwó rẹ̀ di ẹrù obì, ó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òṣogbo. Àwọn kan lára àgbà ìjọ wa pẹ̀lú ní ìpàdé níbẹ̀. Gbogbo wọn wo aago ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n rọra ń rìn. Nígbà tí wọ́n máa dé téṣàn, èéfín nìkan ni wọ́n bá.

Comfort kò sọ̀ ẹrù rẹ̀ títí ó fi dé ìsọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Yẹ́misí, ẹ kú iṣẹ́ o! Ọkọ̀ tó ń pẹ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, aago yín ti jẹ́ kó yá jù wá lọ!"

"Bóyá awakọ̀ tuntun ni."

"Awakọ̀ tuntun kọ́, aago arúgbó ni!"

Àwọn àgbà ìjọ kò fi tiwọn ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní bí kò bá rí ohun tó ń ṣe aago náà kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, àwọn yóò gbé e lọ fún aláago kan ní Ìbàdàn.

Ọláníyan tú aago ṣọ́ọ̀ṣì wò. Eyín inú rẹ̀ pé, epo rẹ̀ mọ́. Ó fi wé ti ìsọ̀ rẹ̀, méjèèjì ń lọ dọ́gba bí ìbejì. Èyí gan-an ló kó jìnnìjìnnì bá a. Bí wọ́n bá dọ́gba, èwo ló wá ń purọ́?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó gbé aago ìsọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Sàídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Sàídì ri ọ̀pá kan mọ́ àgbàlá. Òjìji rẹ̀ ló fi ń mọ ìgbà tí oòrùn yẹ̀ kúrò ní àtàrí, kó tó pe ìrun àílà.

"Aago mélòó ni ọ̀pá rẹ wí?"

"Ọ̀pá mi kò mọ aago. Ohun tó mọ̀ ni pé oòrùn àná àti tòní, ọgbọọgba ni ìrìn wọn."

Ọláníyan pàtẹ́wọ́. "Ohun tí mo ń wá nìyẹn! Bí aago yìí ṣe ń sáré tó ni mo fẹ́ mọ̀."

Wọ́n gbé aago kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí òjìji kúrú tán, wọ́n fa ilà síbẹ̀, wọ́n sì wo ibi tí ọwọ́ aago wà. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí òjìji ọ̀la yóò fi padà sójú ilà.

Lọ́jọ́ kejì, òjìji kò tíì dé ibẹ̀ tí agogo Sátidé fi dún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọwọ́ Ọláníyan ti ń lọ sójú aago.

"Fọwọ́ sílẹ̀! Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Àṣà mi ni. Bí agogo bá ti dún ní Sátidé, mo máa ń tún aago mi tò mọ́ ọn."

"Ta ló ń lù ú?"

"Olúṣọlá ni."

"Kí ló ń wò lù ú?"

"Aago ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ta ló ń tún ìyẹn tò?"

"Olúṣọlá náà ni. Bó bá di Jímọ̀, á yà ní ìsọ̀ mi, á wo aago mi..."

Ọláníyan gbójú sókè. Ó wo Sàídì, Sàídì wò ó. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín títí ewúrẹ́ inú àgbàlá fi sá.

"Afọ́jú méjì," ni Sàídì ń wí, "wọ́n ń júwe ọ̀nà fún ara wọn!"

Nígbà tí òjìji padà sójú ilà, ọwọ́ aago kò tíì dé ibi tó wà lánàá. Ó ń falẹ̀ lóòótọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì sì ń bá a falẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọláníyan ti yí ìdè kékeré abẹ́ irin tó ń fì nínú aago méjèèjì sókè díẹ̀ kí wọ́n lè yára sí i, ó sì ti lọ gba àkókò lẹ́nu ọ̀gá téṣàn.

Ilé mi ló gbà wá, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi. Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú àlùfáà wa ni mo máa ń wò kí n tó mọ bí mo ṣe gbà á gbọ́ tó. Bóyá ojú tèmi ni òun náà ń wò.

"Tíṣà," ni Ọláníyan wí, "ẹ̀yin lẹ ń ka ìkéde. Lọ́la, ẹ bá mi sọ fún ìjọ pé èmi àti Olúṣọlá la jọ ń ṣi ara wa lọ́nà, mo sì ti tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Comfort jókòó o, kó má fi ẹ̀rín ṣubú. Ó ku ẹyọ kan. Mo ti ṣèlérí fún Sàídì. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi dárúkọ ọ̀pá rẹ̀ níwájú ìjọ."