Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tó Ń Kí Màmá

Èmi ò lọ síléèwé kankan fún ọ̀rọ̀ òdínátọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, o. Ní Sakété, fídíò ni mo ń wò, mo tú tèmi palẹ̀, mo tún un tò, ó tún ṣiṣẹ́, ó parí. Torí náà, ìgbà tí Ṣẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá bírò kan ní Pobè, pè mí, mo kàn gun ọ̀kadà mi ni, n ò tiẹ̀ jẹun.

Bírò yẹn ló ń kọ ìwé fún àwọn kámíyọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì l'Onigbolo. Yàrá mẹ́ta, òdínátọ̀ mẹ́ta, àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣoṣo, ọ̀dọ̀ Màmá sẹkirẹtẹ́ẹ̀ ló wà. Màmá yìí ló dàgbà jù níbẹ̀, ó ju Ṣẹ́ẹ̀fù gan-an lọ. Tí ọmọge tó wà ní yàrá kejì tàbí kọ́ńtábù, olùṣírò owó, tó wà ní yàrá kẹta bá fẹ́ tẹ̀wé, wọ́n á kó iṣẹ́ sínú kílé USB, wọ́n á sá tọ Màmá lọ. Àwọn awakọ̀ á máa fọn fèrè níta bí ẹni tó ń gbé ìyàwó.

Ṣẹ́ẹ̀fù ní, "Mò ń lọ Àjàṣẹ́. Tí mo bá dé lọ́sàn-án ọ̀la, tí kálukú ń tẹ̀wé lórí ìjókòó ẹ̀, mo gbà ọ́ síṣẹ́. Tí mo bá ṣì rí ẹnì kan tó ń rìn kiri, máa lọ sí Sakété ẹ."

Iṣẹ́ o! Iṣẹ́ olóṣooṣù! Mo fa okùn rẹ́sò láti yàrá dé yàrá, mo ṣètò kí òdínátọ̀ Màmá gbà káwọn yòókù máa bá a lo ẹ̀rọ náà. Mo tẹ bọ́tìnnì ní yàrá kẹta, bébà jáde ní ti Màmá, níbi táwọn awakọ̀ á ti máa gbà á. Mo jó.

Mo dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, háà! Wọ́n ń rìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọge dìde, ó lọ kúnlẹ̀ fún Màmá, ó padà wá tẹ bọ́tìnnì, ó tún lọ gba bébà ẹ̀.

Mo ní, "Kí lò ń ṣe?!"

Ó ní, "Mo lọ tọrọ àyè ni. Nírọ̀lẹ́ àná mo kàn tẹ̀ ẹ́, Màmá sì fi ìbínú lọ sílé."

Mo já wọ yàrá Màmá. Ó ní, "Ìwọ ọmọ Sakété, wá. Ẹnì kan jókòó síbì kan, kò kí mi, kò bẹ̀ mí, ó kàn ju bébà síwájú mi. Ṣé ọmọdé ń rán àgbà níṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni?"

"Màmá, rẹ́sò ni! Rẹ́sò kì í kíni!"

"Rẹ́sò ò ní ìyá. Ìwọ tó gbé e wá ńkọ́?"

Kọ́ńtábù bú sẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé mo jáde lọ gbá táyà ọ̀kadà mi nípàá. Ẹsẹ̀ mi ló dùn, táyà ò mọ̀. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ ra ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo ti rántí: èèyàn lè ní kí bébà kan máa ṣíwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó lè sọ ẹni tó ni ín. Mo sáré wọlé, mo kọ ìkíni síbẹ̀: ti yàrá kejì ń kúnlẹ̀, ti yàrá kẹta ń dọ̀bálẹ̀.

Ọmọge tẹ bọ́tìnnì. Màmá gbé bébà, ó wọ awò ojú, ó kà á sókè: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Èmi ti yàrá kejì ni. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba iṣẹ́ tó ń bọ̀ yìí."

Màmá wá dáhùn látinú yàrá ẹ̀, "Káàárọ̀, ọmọ mi! Dìde, ilẹ̀ tutù!"

Àfi bó ṣe gbé iṣẹ́ náà, tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gbé e lọ fún ọmọge, tó tún ṣàdúrà fún un. Ó gbé ti kọ́ńtábù náà lọ. Kò jókòó mọ́ títí ọ̀sán fi pọ́n! Mò ń bẹ̀ ẹ́, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ má ba tèmi jẹ́!" Ìgbà yẹn gan-an ni Ṣẹ́ẹ̀fù wọlé.

"Ta nìyí tó ń rìn kiri?"

Màmá ní, "Èmi náà lẹ̀ ń pè ní 'ta nìyí'?"

Ṣẹ́ẹ̀fù kọjá níwájú Màmá lọ sí yàrá kẹta. Ó lọ jókòó sáyè kọ́ńtábù, ó tẹ ìwé kámíyọ̀ kan fúnra ẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì láti gbọ́ bóyá á jáde. Ohùn Màmá ló gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ:

"Ọ̀sán ti pọ́n o, wọn kì í kíni káàárọ̀ mọ́! Àmọ́ ẹ dìde, Ṣẹ́ẹ̀fù, ìdọ̀bálẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe ti tó, ẹ má dọ̀tí aṣọ."

Ṣẹ́ẹ̀fù wo ara ẹ̀ lórí àga, ó wò mí. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà mi lápò. Ló bá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀.

Ó ní, "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Iṣẹ́ tí wàá kọ́kọ́ ṣe ni kí ẹ̀rọ yìí mọ ìgbà tọ́sàn-án bá pọ́n."

Mo ní kò le rárá. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é o, àmọ́ mo ti jáde kó tó yí ọkàn padà.